Òórùn Tó Ń Lọ Tó Tún Ń Bọ̀: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ilé Tuntun Kan ní Ìyàrà

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà ní Ìyàrà, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Ilé ilẹ̀ ni, oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀, ilé ìdáná àti yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló kọ́ ọ fún ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kabba ni mo ń gbé, èmi ni wọ́n sì ní kí n bójú tó iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò ni mo ń kọ. Àṣìṣe méjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ tèmi gan-an, mi ò sì ní fi wọ́n pamọ́.

Iṣẹ́ bíríkìlà kò yọ wá lẹ́nu. A kò wá símẹ́ńtì tì, nítorí Obajana, níbi tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ńlá nì wà, kò jìnnà sí wa. Àparí iṣẹ́ ni ìkánjú ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìṣílé sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ọmọ máa ń wálé, bẹ́ẹ̀ ìparí oṣù kọkànlá ni a tó rẹ́ ògiri tó kẹ́yìn tán. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ògiri lo ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án; ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fún mi. Bí àwọn akunlé ṣe ń jáde ni àwọn káfíńtà ń wọlé. Ọmọ onílé ló fúnra rẹ̀ rán àwọn káfíńtà wọ̀nyí wá láti ìlú mìíràn, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún pákó MDF, irú pákó tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀, tí kì í ṣe igi lílà. Inú àgbàlá ni wọ́n ti ń gé e, lójú ọ̀sán àti lóru pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n kan wọ́dúróòbù mẹ́ta tó ti ilẹ̀ dé síílìn, wọ́n sì fi kábíńẹ́ẹ̀tì yí ilé ìdáná po. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ojú ilé náà ń dán bíi dígí.

Àwọn tó wá sí ìṣílé gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìn ni wọ́n fi ṣe. Ẹnìkan wọlé, ó fa imú, ó ní, “Owó ń rùn níhìn-ín o!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ti wọ̀ wá lára pé òórùn ilé tuntun jẹ́ ara ọlá ilé tuntun, ẹni tó bá sì ṣàròyé nípa rẹ̀ lè dà bí ẹni tí kò mọ ọpẹ́ dá.

Bóyá ohun tó jẹ́ kí Màmá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Láàárín oṣù kìíní ni ó tó pè mí. Nígbà tí mo dé, lẹ́yìn “Okun o” àti ìkíni gbogbo, ó mú mi lọ sí yàrá rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ilé yìí ń ta mí lójú.” Bí ó bá jí láàárọ̀, ojú a máa ta á, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a gbẹ, orí a sì máa fọ́ ọ. Bí ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí oko, gbogbo rẹ̀ a fúyẹ́. Bí ó bá padà wọlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ní ikọ́ fée, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò sì sùn dáadáa lóru mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ rí dókítà, dókítà sì ti fún un ní oògùn tí a ń fà sẹ́nu.

Mo yí ilé náà ká. Mo gbóòórùn. Mo sì fi ìdánilójú sọ pé, “Màmá, ọ̀dà ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbàgbé pé ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ọyẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìjùmú ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ohun tó tún burú ni pé òórùn náà rọlẹ̀ lóòótọ́ kí oṣù kejì tó wọlé, mo sì gbà pé mo jàre.

Ní gbogbo àsìkò yìí, aládùúgbò kò jẹ́ kí ilé sinmi. Wọ́n ní kí Màmá máa jó tùràrí. Wọ́n ní kí ó la àlùbọ́sà sí igun yàrá, kí ó gbé omi iyọ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó fi Ísàlì nu ilẹ̀. Ẹnìkan kó káńfọ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú wọ́dúróòbù. Òórùn ni wọ́n fi ń bo òórùn, ohun tó ń rùn sì jókòó sí ààyè rẹ̀. Ti káńfọ̀ ni mo bínú sí jù, nítorí àwọn ọmọ kan wà nínú wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba káńfọ̀ rárá, èéfín rẹ̀ sì lè sọ wọ́n di aláìsàn. Mo ní kí wọ́n kó o dànù.

Oṣù kẹta dé pẹ̀lú ooru, òórùn náà padà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹrin, ó wá le ju ti Kérésìmesì lọ. Màmá kò pariwo. Ó kàn sọ fún mi lórí fóònù pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, ìyá àwọn a máa fi bọ̀tọ̀ pa ilẹ̀ ilé tuntun, bọ̀tọ̀ sì ń rùn, ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ mẹ́ta máa ń gbé òórùn rẹ̀ lọ pátápátá. “Irú òórùn wo wá ni èyí tó ń lọ tó tún ń bọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú. Ohun tó ń rùn nínú ọ̀dà olóròóró ni omi tó dà bíi kẹrosíìnì tí wọ́n fi pò ó. Ó ń fẹ́ jáde bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, tó bá sì ti fẹ́ lọ tán, ó lọ nìyẹn. Kò sí ibi tí yóò ti padà wá. Òórùn tó bá rọlẹ̀ nínú ọyẹ́ tó tutù tó sì gbẹ, tó wá padà nígbà ooru, tó tún le sí i nígbà tí afẹ́fẹ́ rin, a jẹ́ pé ohun kan wà nínú ilé tó ń pèsè rẹ̀ lákọ̀tun.

Mo padà lọ ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní oṣù kìíní. Màmá àti ọmọ náà lọ sùn sí ilé àbúrò rẹ̀. A ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. Mo mú akunlé kan dání, mo sì bẹ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ọ̀nà, tí kò wọ ilé náà rí, pé kí ó bá wa wọlé. Imú ẹni tó ń gbé inú òórùn kì í ṣeé fi ṣe ẹlẹ́rìí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, imú a ti gbà á mọ́ra. A ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, a ó fa imú lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ọ̀nà, a ó jáde lọ dúró ní gbangba fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tó wọ òmíràn. Mo ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ti ẹnìkejì.

Òórùn mẹ́rin ni a bá, kì í ṣe ọ̀kan.

Èyí tó rọrùn jù wà ní ilé ìwẹ̀ àlejò. Ẹyin tó bàjẹ́ ni ẹlẹ́kọ pe òórùn rẹ̀. Ojú ihò tí omi ń gbà ṣàn ní ilẹ̀ ni ó ti ń jáde: kò sí ẹni tó ń wẹ̀ níbẹ̀, omi tó yẹ kó máa jókòó sínú ọrùn páìpù, kó sì dí ọ̀nà mọ́ èéfín sọ́kàwéè, ti gbẹ tán. Garawa omi kan la dà sí i. Ó parí.

Èkejì wà ní yàrá ọmọ. Òórùn kíkan ni, bí ẹ̀kọ ọjọ́ kẹta, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ta ni yóò sì bá a jiyàn lórí ìyẹn? Akunlé wolẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Ọ̀dà tí wọ́n pò ládùúgbò ni wọ́n fi kun yàrá yẹn, ó sì kù díẹ̀ nínú garawa tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fi parí ògiri tó kù. Nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, nitrosol ni ó ń mú un ki, oúnjẹ sì ni nitrosol jẹ́ fún kòkòrò àìfojúrí bí oògùn tí wọ́n fi sí i láti má jẹ́ kó bàjẹ́ kò bá tó. Ọ̀dà tó ti kan nínú garawa kì í dẹ́kun rírùn nítorí pé ó ti dé ara ògiri, pàápàá ògiri tí kò tíì gbẹ. A ha ògiri kan yẹn dé ibi rírẹ́, a jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì tún un kùn.

Ẹ̀kẹta ni àṣìṣe mi kejì. Bí oòrùn bá kan àtàrí, òórùn ọ́ìlì mọ́tò a máa sọ̀ kalẹ̀ láti síílìn sínú yàrá ẹrù. Nígbà tí a ń kan òrùlé, àwọn káfíńtà fi kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì pa igi ká nítorí ikán, gẹ́gẹ́ bí àwọn púpọ̀ ṣe ń ṣe lágbègbè wa. Mo rí i, mi ò sì sọ̀rọ̀. Lábẹ́ páànù tó gbóná, ọ́ìlì yẹn kì í dákẹ́. Kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò lára igi. Ohun tí a ṣe ni pé a ṣí ojú ihò tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò ní ìhà méjèèjì etí òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín páànù àti síílìn kọjá, a sì fi símẹ́ńtì funfun dí gbogbo ibi tí síílìn ti la ẹnu. Ó rọlẹ̀, kò tán.

Ẹ̀kẹrin ni ó wà ní yàrá Màmá, yàrá àlejò àti ilé ìdáná, òun ló sì kó gbogbo ìyọnu náà wá. Kì í ṣe òórùn tí ènìyàn lè fi wé oúnjẹ. Ó ń ta imú ni, ó sì ń ta ojú, kí ènìyàn tó rí orúkọ tí yóò pè é. Akunlé ní ó rán òun létí ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Bí mo ṣe jáde sẹ́yìn ilé láti mí ni mo rí ẹ̀rí náà. Dúrọ́ọ̀mù omi kan wà lábẹ́ etí òrùlé, àkékù MDF kan ni Màmá sì fi dé e. Láti oṣù kejìlá ló ti wà níbẹ̀. Omi ti wọ̀ ọ́ lára, etí rẹ̀ ti wú, ó ti là bí àkàrà tó ṣubú sómi. Mo ṣí i sókè láti wo abẹ́ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lára etí kan tí ayùn kò kàn, àmì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i ṣì wà níbẹ̀: E2. A da omi dúrọ́ọ̀mù náà nù, nítorí ohun tó ń jáde lára pákó yẹn máa ń tètè wọ inú omi.

Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni MDF. Gọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi yúríà àti formaldehyde ṣe. Formaldehyde yìí kan náà ni, bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, à ń pè ní fọ́málìn, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Díẹ̀ lára rẹ̀ ṣẹ́kù nínú pákó látìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì ń jáde tán ní oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti ooru a tún máa tú gọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa sọ ọ́ padà di formaldehyde, èyí sì lè gba ọdún púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi pa á lẹ́nu mọ́, tí òjò àkọ́rọ̀ fi jí i.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí E2 túmọ̀ sí, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló rò pé nọ́ńbà ọjà lásán ni. Àwọn ará Yúróòpù ló ṣe ìlànà náà. Wọ́n á gbé pákó sínú àpótí ìdánwò, sukuwíà mítà 1 pákó fún kúbíìkì mítà 1 afẹ́fẹ́, ní ìwọ̀n ooru 23 lórí Sẹ́ńtígíréèdì, wọ́n á sì máa pààrọ̀ gbogbo afẹ́fẹ́ inú àpótí náà lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Bí formaldehyde inú afẹ́fẹ́ kò bá ju 0.124 mílígíráàmù lọ nínú kúbíìkì mítà kan, E1 ni. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sí E2. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ ní, nínú ilé, kó má ju 0.1 mílígíráàmù lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú èyíkéyìí. Láti ọdún 2004 sì ni ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka formaldehyde mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Mo wá gbé téèpù, mo wọn yàrá Màmá. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 12 ní òró, 10 ní gíga. Kúbíìkì mítà bí 41 nìyẹn. Odindi pákó mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ló wọ inú wọ́dúróòbù rẹ̀. Bí a bá ka ojú méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan, ó lé ní sukuwíà mítà 53. Èyí já sí pé pákó tó wà nínú yàrá yẹn, bí a bá fi wé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ju ti inú àpótí ìdánwò lọ. Ooru Ìyàrà ní oṣù kẹta kì í sì í ṣe ìwọ̀n 23. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa mọ́ ẹ̀fọn láti alẹ́ di òwúrọ̀. Àní ká ní E1 ni pákó náà, mi ò rò pé Màmá ìbá sùn ire níbẹ̀.

Nígbà tí a fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri, a rí ohun mìíràn tó bí mi nínú. Ojú tí àlejò ń rí nìkan ni wọ́n kùn. Ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́ rẹ̀, inú dúróà àti gbogbo etí tí ayùn gé wà ní ìhòòhò, bẹ́ẹ̀ etí gígé gan-an ni èéfín náà ń gbà jáde jù. Ẹ̀yìn náà sì fara ti ògiri tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò tíì tán. Ọmọ onílé pe ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Onítọ̀hún dáhùn pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé kò sí ẹni tó ń kun ẹ̀yìn wọ́dúróòbù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀, mi ò bá wọn dá sí i.

Ọmọ onílé kọ́kọ́ fẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ jáde kí a sì dáná sun ún. Mo kọ̀, nítorí èéfín rẹ̀ yóò kàn wọ ilé ẹlòmíràn ni. A tú wọ́dúróòbù Màmá palẹ̀, a gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a fi sánpépà ha gbogbo ara rẹ̀, a sì fi sìlà, ohun tí a ń fi dí ojú igi, pa á lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, ojú, ẹ̀yìn, etí, àti inú ihò tí wọ́n ki ìdè ilẹ̀kùn bọ̀ pàápàá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níta kí òórùn ọ̀dà náà tó kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí a dá a padà, a fi àlàfo tó gba ọwọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ní ilé ìdáná, àwọn pátákó abẹ́ síńkì ti wú kọjá àtúnṣe. Pákó igi gidi, mẹlínà àti afárá, ni mo fi rọ́pò wọn, èyí tó kù ni a fi sìlà dí. Owó kò tó fún yàrá àlejò, nítorí náà a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, a sì ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Fún odindi oṣù kan kí Màmá tó padà sínú yàrá rẹ̀, a lo oòrùn. Láti aago mọ́kànlá di aago mẹ́rin, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, a ó ti gbogbo fèrèsé kí ooru lè lé èéfín náà jáde lára pákó; lẹ́yìn náà a ó ṣí fèrèsé ìhà méjèèjì, a ó sì tan fáànù kọjú síta bí iná bá wà. Kì í ṣe ìwòsàn, nítorí ohun tó wà nínú gọ́ọ̀mù pọ̀ ju ohun tí oṣù kan lè lé jáde lọ, ṣùgbọ́n ó dín in kù.

Ní oṣù keje, nígbà tí òjò wà lójú rẹ̀, mo tún ti yàrá náà pa mọ́jú, mo sì tún bẹ ẹlẹ́kọ. Ó fa imú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀dà díẹ̀ ni òun gbọ́, àti aṣọ. Kò nu ojú. Ọmọ náà ti ń sùn mọ́jú láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn fífà rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Nígbà tí mo wo yàrá àlejò, ó ṣì ń ta mí lójú, pẹ̀lú gbogbo fèrèsé tó wà ní ṣíṣí.

Kí n tó lọ, Màmá ṣí wọ́dúróòbù tí a tún ṣe náà hàn mí. Ó ṣófo. Àwọn aṣọ rẹ̀ ti gba òórùn náà sára ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, títí kan kíjìpá kan tí ìyá rẹ̀ hun. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn sóòrùn, ó sì ti kó gbogbo wọn padà sínú àpótí irin tó gbé wá láti ilé àtijọ́. Mo sọ fún un pé pákó náà kò lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Ó ní òun gbọ́, ó sì ti àpótí rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.